Kí Á Tó Tẹ́ Bẹ́ẹ̀dì Sínú Bọ́ọ̀sì Àtijọ́

Ó ti tó oṣù mélòó kan báyìí tí ọ̀rọ̀ kan ń jẹyọ ṣáá nínú ìpàdé wa. Àwọn kan nínú wa tó ń nája ọ̀nà jíjìn fẹ́ yá owó ẹgbẹ́ kí wọ́n fi tún bọ́ọ̀sì kékeré àtijọ́ ṣe, kí ó lè máa kó ẹrù, kí ó sì tún jẹ́ ibùsùn fún wọn lójú ọ̀nà. Wọ́n ní owó òtẹ́ẹ̀lì ń jẹ èrè àwọn, àti pé sísùn lórí bẹ́ǹṣì ní gáréèjì kò yẹ ara àgbà mọ́.

Ire ni wọ́n rò. Èmi tí mò ń kọ èyí náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Aṣọ òkè ni mò ń kó láti Ìṣẹ́yìn, inú bọ́ọ̀sì Volkswagen mi ni mo sì máa ń sùn bí ilẹ̀ bá ṣú bá mi lọ́nà. Mi ò wá dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ sọ: owó tí ẹ bá yá, ẹ kọ́kọ́ ná an lé ohun tó ń dá ọkọ̀ dúró, ohun tó ń mú ẹ́ńjìnnì tutù, àti ohun tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ gbiná. Bẹ́ẹ̀dì, kọ́tìnì àti fáànù, ẹ̀yìn ni wọ́n ń bọ̀.

ỌKỌ̀ TÍ À Ń SỌ

Sísùn nínú irú bọ́ọ̀sì yìí kì í ṣe nǹkan tuntun. Ọdún 1947 ni Ben Pon, oníṣòwò ará Họ́láǹdì kan tó ń ta ọkọ̀ Volkswagen, ya àwòrán rẹ̀ sínú ìwé. Ní 1950 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní Jámánì, nígbà tó sì fi di 1951, ilé iṣẹ́ Westfalia níbẹ̀ ti ń to ibùsùn sínú rẹ̀ fún àwọn arìnrìn-àjò. Ní tiwa níbí, ọdún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ Volkswagen pọ̀ ní Ọ̀jọ́ l'Ékòó. Ní ilẹ̀ Brazil, títí di ìparí ọdún 2013 ni wọ́n fi ń ṣe bọ́ọ̀sì náà.

Èyí tí mò ń sọ ní pàtàkì ni èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn, tí kò ní rédíétọ̀, tó jẹ́ pé atẹ́gùn ló ń mú un tutù. Bí tiyín bá ń lo omi, ọ̀rọ̀ náà kan yín. Ẹ kàn fi rédíétọ̀ àti àwọn rọ́bà omi rẹ̀ kún ohun tí ẹ máa yẹ̀ wò.

INÁ PUPA LỌ́NÀ ÌLỌRIN

Ẹni tó jìn sí kòtò ló ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ní ọdún 2018, nígbà tí ẹgbẹ́ pín èrè, mo ní mo fẹ́ tún bọ́ọ̀sì mi ṣe. Mo kùn ún ní ọ̀dà búlúù àti funfun. Mo ra fóòmù, mo rán kọ́tìnì, mo fi rédíò tuntun sí i. Ìyàwó mi wò ó yíká, ó ní, "Baba àwọn ọmọ mi, ó mà dára o. Ẹ́ńjìnnì ńkọ́?" Mo ní kí ó fi mí sílẹ̀, ẹ́ńjìnnì Jámánì kì í tètè kú. Mo kó aṣọ ìgbéyàwó tí wọ́n ti san àsansílẹ̀ lé lórí, ó di ọ̀nà Ìlọrin.

Mo ti kọjá Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà tí iná pupa kan tàn níwájú mi. Mo mọ̀ ọ́n sí iná bátìrì. Mo ní lọ́kàn ara mi pé bátìrì ni kò gba iná mọ́, kò burú, rewáyà wà n'Ílọrin. Mo ń bá eré mi lọ. Kò pẹ́ rárá tí mo fi ń gbọ́ òórùn ọ́ìlì tó ń jóná. Ọkọ̀ kò lágbára mọ́. Ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í dún kó-kó-kó, ó sì dákẹ́ pátápátá.

Bẹ́líìtì fáànù ló ti já. Ohun tí n kò mọ̀ nígbà náà ni pé nínú ọkọ̀ yìí, bẹ́líìtì kan náà tó ń yí dáínámò ló ń yí fáànù tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí ẹ́ńjìnnì. Bí iná pupa yẹn bá tàn, ó lè jẹ́ pé fáànù ti dúró. Ọkọ̀ tó ní rédíétọ̀ ṣì lè fi omi rẹ̀ rọ́jú díẹ̀. Èyí kò ní omi kankan tó máa gbà á sílẹ̀.

Òru méjì ni mo fi sùn sórí fóòmù tuntun mi létí ọ̀nà. Nígbà tí mo fi dé Ìlọrin, àwọn ẹbí ìyàwó ti ra aṣọ níbòmíràn. Mo dá owó olówó padà, mo tún ń wá owó ẹ́ńjìnnì kiri. Ọ̀gá mẹkáníìkì tó tú u wò mí lójú, ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú o. Iná yìí ti bá yín sọ̀rọ̀, ẹ ò dá a lóhùn ni." Kí n tó ra kọ́tìnì kan, owó rẹ̀ ì bá ti ra bẹ́líìtì, kí ó sì ṣẹ́ kù.

OHUN MẸ́TA TÓ ṢÁÁJÚ

Àkọ́kọ́, ohun tó ń dá ọkọ̀ dúró. Ẹ tẹ bíréèkì, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan. Bí ẹsẹ̀ yín bá ń rì lọ díẹ̀díẹ̀, ẹ má gbéra. Ọ́ìlì bíréèkì máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra. Bí ó bá ti gbó, ó lè hó nígbà tí ẹ bá ń tẹ bíréèkì léraléra lórí òkè, bíréèkì á sì wọlẹ̀ láìdáhùn. Ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ ní ọdún méjì méjì. Kí mẹkáníìkì wo àwọn rọ́bà bíréèkì náà, nítorí ẹ̀yìn wọn lè dára kí inú wọn ti wú.

Ti táyà ńkọ́? Kì í ṣe eyín rẹ̀ nìkan là ń wò. Lára táyà, ẹ máa rí nọ́ńbà mẹ́rin tó parí àkọlé DOT. Bí ẹ bá rí 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Rọ́bà ń gbó bí kò tilẹ̀ rìn, tókunbọ̀ tí eyín rẹ̀ nípọn sì lè ti darúgbó. Àwọn ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe táyà sọ pé bí ó bá ti pé ọdún 5, kí á máa jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún, bí ó bá sì pé ọdún 10, kí á yọ ọ́ dànù. Ẹ má gbàgbé táyà àpamọ́ o.

Èkejì, ohun tó ń mú ẹ́ńjìnnì tutù. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ bẹ́líìtì láàárín. Kí ó wọlé tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan ààbọ̀. Bí ó bá dẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó ń yọ̀. Bí ó bá le jù, ó ń jẹ bíárì dáínámò. Ẹ ní òmíràn nínú ọkọ̀, pẹ̀lú sípánà rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí mẹkáníìkì kọ́ yín bí a ṣe ń pààrọ̀ rẹ̀.

Nínú ọkọ̀ yìí, ọ́ìlì náà wà lára ohun tó ń gbé ooru kúrò. Ẹ́ńjìnnì 1600 kò gbà ju lítà méjì ààbọ̀ lọ, kò sì ní fílítà bíi ti ọkọ̀ òde òní, asẹ́ kékeré kan ló ní nísàlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ́ìlì fi gbọ́dọ̀ di pípààrọ̀ ní 5,000 kìlómítà, kí á sì fọ asẹ́ náà. Láti Èkó dé Kánò tó nǹkan bí 1,000 kìlómítà. Ẹni tó bá lọ, tó bọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, tó tún lọ lẹ́ẹ̀kan sí i, ọ́ìlì rẹ̀ ti tó pààrọ̀. Láràárọ̀, lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí ẹ tó ṣíná, ẹ fa ọ̀pá ọ́ìlì wò. Ní ọjọ́ tí a bá pààrọ̀ ọ́ìlì, kí mẹkáníìkì wọn àlàfo fáàfù nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù, 0.15 mìlímítà ni ó ń jẹ́ nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n ju àwọn páànù àti rọ́bà tó yí ẹ́ńjìnnì ká nù. Wọn á ní, "Bàbá, kò wúlò, ó ń dí wa lọ́wọ́ ni." Ó wúlò púpọ̀! Àwọn ni kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gbígbóná láti abẹ́ ọkọ̀ padà wọ inú fáànù.

Ẹ̀kẹta, iná. Rọ́bà tó ń gbé epo bẹntiróòlù kọjá lókè ẹ́ńjìnnì gbígbóná ni ọ̀tá bọ́ọ̀sì yìí. Bí ó bá sán, tí epo kán sórí irin gbígbóná, ẹ ò ní rí i níwájú tí ẹ wà, ẹ̀yìn ni yóò ti máa jó. Ẹ pààrọ̀ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n fi kílíìpù dè é. Ìgbàkígbà tí ẹ bá gbóòórùn epo, ẹ dúró. Kí ohun ìpaná oníyẹ̀ẹ̀fun wà nítòsí àga dírẹ́bà, kì í ṣe lábẹ́ ẹrù. Igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

NÍGBÀ TÍ A WÁ FẸ́ TẸ́ BẸ́Ẹ̀DÌ

Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí bá ti dára, ẹ wá pe káfíńtà. Ẹ má jẹ́ kí ó fi igi wíwúwo kan bẹ́ẹ̀dì. Bọ́ọ̀sì yìí kì í gbé ju nǹkan bíi tọ́ọ̀nù kan lọ, èèyàn, ẹrù àti bẹ́ẹ̀dì lápapọ̀. Kẹ́ẹ̀gì omi onílítà 25 mẹ́rin ti di 100 kílò. Ìwọ̀n tí bẹ́ẹ̀dì bá gbà, ọjà ni ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Kí bẹ́ẹ̀dì náà ṣeé ká sókè, kí ẹrù lè ráyè.

Fún iná àti fáànù, ẹ ra bátìrì kejì, kí rewáyà fi rílè sí àárín méjèèjì, kí fáànù òru má bàa jẹ bátìrì tí ẹ máa fi ṣíná láàárọ̀. Kí fíúùsì wà nítòsí bátìrì náà. Fáànù kékeré wáàtì 20 tó bá ṣiṣẹ́ fún wákàtí 8 ti jẹ 160. Pánẹ́ẹ̀lì sólà wáàtì 100 kan, bí oòrùn bá mú dáadáa, lè dá bíi 300 sí 400 padà lójúmọ́. Ẹ rí i pé kò pọn dandan kí á ra ńlá. Bí ẹ bá wọn bátìrì tó ti sinmi, tó sì wà ní 12.2, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìdajì. Ẹ pa fáànù.

Ọ̀rọ̀ tó wà níbí yìí, ẹ̀mí ló dá lé: ẹ má ṣe sùn nínú ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Ẹ má gbé jẹnẹrétọ̀ tàbí ìkòkò èédú sínú rẹ̀, tàbí sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé rẹ̀. Èéfín olóró tó ń jáde lára wọn kò ní òórùn, kò ní àwọ̀. Ẹni tó ń sùn kì í mọ̀ títí yóò fi kú. Gáàsì ìdáná náà wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ọkọ̀ ló máa ń rọ̀gún sí bí ó bá ń jò. Ìta ni kí á ti dáná. Kí fèrèsé méjì ṣí díẹ̀, kí ẹ fi nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn sí i. Ibi tí èèyàn wà, tí iná wà, ni kí á sùn sí, kì í ṣe etí igbó.

ÀPÒ ỌKỌ̀

Ọ̀rọ̀ mi kù sí ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó. Mo dábàá pé kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ yá owó fún bọ́ọ̀sì àtijọ́ mú ìwé àyẹ̀wò mẹkáníìkì wá. Kí á fún un ní apá kìíní owó náà fún bíréèkì, táyà, bẹ́líìtì àti rọ́bà epo. Bí a bá ti rí i pé ó ṣe é, kí á fún un ní apá kejì fún bẹ́ẹ̀dì. Bí ìpẹtà bá sì ti jẹ ṣáásì rẹ̀ tàbí ibi tí sítíárì dè mọ́, kí á sọ òtítọ́ fún un pé kò yẹ kí ó náwó lé e mọ́, bí ọ̀dà rẹ̀ tilẹ̀ ń dán. Òtítọ́ yẹn lè dùn ún, ṣùgbọ́n gbèsè tí kò ní ọkọ̀ tí yóò san án dunni jù.

Kí ẹni tó ni ọkọ̀ náà máa yọ ti ọkọ̀ sọ́tọ̀ nínú owó ìrìn àjò kọ̀ọ̀kan, kí ó tó ka èyí tó kù sí èrè. Kí ó ní ìwé kékeré kan, kí ó máa kọ ọjọ́, kìlómítà àti ohun tó pààrọ̀ sí i. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Bọ́ọ̀sì mi ṣì ń rìn. Bẹ́líìtì àpamọ́ kan so mọ́ ẹ̀yìn àga mi, iná pupa yẹn ni mo sì máa ń kọ́kọ́ wò bí mo bá ti ṣíná. Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ wa lọ, yóò máa ṣọ́ wa bọ̀. Kí àwa náà ṣáà máa yẹ bẹ́líìtì wò kí a tó kúrò nílé.