Ọyẹ́ dé, òkè ń pe èèyàn: Ohun tó yẹ kí ẹni tó fẹ́ gun àpáta nílẹ̀ Ìgbómìnà mọ̀

Bí ọyẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ ní Àrán-Ọ̀rin, ètè á máa bó, ẹsẹ̀ á funfun bí ẹsẹ̀ ẹni tó tẹ eérú, àwọn òkè tó wà lọ́ọ̀ọ́kán á sì dà bíi pé wọ́n fi aṣọ eruku bora. Àsìkò yìí gan-an ni àwọn ọ̀dọ́, àwọn ọmọ iléèwé àtàwọn tó wálé ọdún Kérésì máa ń fẹ́ gun òkè. Wọ́n á ní ẹrẹ̀ ti tán, koríko ti gbẹ, ara sì tutù. Òótọ́ ni. Àmọ́ ọyẹ́ ní ewu tirẹ̀ tí ìgbà òjò ò ní, púpọ̀ nínú ewu náà ni kì í sì í pariwo kó tó dé.

Kí ló dé tó jẹ́ ìgbà ọyẹ́?

Láti ìparí oṣù Kọkànlá títí di nǹkan bí àárín oṣù Kẹta, atẹ́gùn kan máa ń fẹ́ wá láti aṣálẹ̀ Sàhárà ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn. Bodélé lórílẹ̀-èdè Chad, níbi tí adágún ńlá kan wà láyé àtijọ́ kó tó gbẹ, wà lára ibi tí eruku inú rẹ̀ ti ń wá jù lọ. Atẹ́gùn yìí kò gbé omi lọ́wọ́, ìdí nìyẹn tí òjò kì í fi í rọ̀. Nígbà tí kò sì sí ìkùukùu tó bo ilẹ̀ lálẹ́, ooru tí ilẹ̀ gbà lọ́sàn-án á tètè padà sójú ọ̀run. Ìdí rẹ̀ rèé tí ìdájí fi máa ń mú èèyàn gbọ̀n, tí ọ̀sán ọjọ́ kan náà á sì gbóná kọjá ìwọ̀n 30 lórí òṣùwọ̀n Celsius.

Kì í ṣe ilẹ̀ Yorùbá nìkan ni wọ́n ti ń dúró de òtútù kí wọ́n tó rin irú ìrìn yìí. Ní Grand Canyon, àfonífojì ńlá aláwọ̀ mèremère tó wà ní ìpínlẹ̀ Arizona, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ìsàlẹ̀ àfonífojì náà máa ń gbóná kọjá ìwọ̀n 40 nígbà ooru wọn. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń sún ìrìn wọn sí ìgbà òtútù nítorí ẹ̀. Iyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ní àfonífojì, èèyàn á kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ ná, ìgbà tó bá ti rẹ̀ ẹ́ ni yóò tó bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè padà. Lórí òkè tiwa, gígùn ló ṣíwájú. Àmọ́ orúnkún tó ti rẹ̀ ló ń gbé èèyàn sọ̀ kalẹ̀, ìgbà yẹn ni ẹsẹ̀ sì máa ń yẹ̀ jù.

Àwọ̀ ara àpáta, ibo ló ti wá?

Àpáta Grand Canyon jẹ́ iyanrìn, ẹrẹ̀ àti àwọn nǹkan mìíràn tó tò lé ara wọn ní ìpele ìpele, kí odò Colorado tó la àárín wọn kọjá. Àpáta ilẹ̀ Ìgbómìnà kò rí bẹ́ẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ òkúta tó yọ́ nínú ilẹ̀ lọ́hùn-ún, tó tutù díẹ̀díẹ̀, tó sì le. Àwọn kan nínú irú àpáta yìí ní Nàìjíríà ti tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 600 ọdún. Òjò àti atẹ́gùn ló wá ká ilẹ̀ tó bò wọ́n kúrò, tí wọ́n fi yọrí síta.

Pupa tí èèyàn ń rí lára òkúta àti ilẹ̀ jẹ́ ìpẹtà irin, bí àdá tó bá pẹ́ nínú omi ṣe máa ń pọ́n. Dúdú tó ṣàn wálẹ̀ lára àpáta bí omijé jẹ́ ojú ọ̀nà tí omi òjò ń gbà, tí àwọn ohun tíntìntín bíi èbíbu sì ti hù sí. Bó bá gbẹ, ẹsẹ̀ lè dúró lórí ẹ̀. Bó bá tutù, bí ọṣẹ ló ń yọ̀.

Oríṣi òkúta mìíràn tún wà tó rọ̀, tó ń yọ̀ lọ́wọ́ bí ọṣẹ kódà bó bá gbẹ. Òun ni àwọn àgbà ayé àtijọ́ fi gbẹ́ àwọn ère Èsìẹ́, tó lé ní 800. Ọdún 1933 ni H. G. Ramshaw, tó ń bójú tó àwọn iléèwé ìjọ CMS, kọ̀wé nípa wọn, tí òkìkí wọn fi kàn dé òkè òkun. Ọdún 1945 ni wọ́n sì dá ilé ìṣẹ̀ǹbáyé sílẹ̀ fún wọn níbẹ̀, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ẹni tó bá wá gun òkè lágbègbè Òmù-Àrán, tó wá kọjá Èsìẹ́ láì yà, ó pàdánù.

Òùngbẹ tí kì í sọ̀rọ̀

Nígbà òjò, òógùn á máa kán tótó, èèyàn á mọ̀ pé omi ń jáde lára òun. Nínú ọyẹ́, afẹ́fẹ́ gbẹ débi pé bí òógùn bá ṣe ń yọ ló ń gbẹ. Aṣọ ò tutù, ara ò gbóná púpọ̀, èèyàn á wá rò pé òun ò nílò omi. Nígbà tí orí á bá fi máa fọ́ ọ, tí ojú á máa ṣú u, tí ìtọ̀ rẹ̀ á sì pọ́n bí àgbo, omi ti tán lára.

Omi inú ọ̀rá kan, èyí tí gbogbo èèyàn ń pè ní píọ̀ wọ́tà, jẹ́ ìdajì lítà. Kí èèyàn ka ọ̀kan fún wákàtí kọ̀ọ̀kan tó bá fi rìn, kó fi méjì lé e. Bí oòrùn bá mú, yóò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀pà, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ àti àkàrà dára nínú àpò. Ọtí ò dára rárá, ńṣe ló ń lé omi kúrò lára.

Ẹni tó ní ikọ́ fée gbọ́dọ̀ mú oògùn tó ń fà símú dání, torí eruku ọyẹ́ lè dí i léèémí lójijì. Ẹni tó ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde ní láti rí dókítà rẹ̀ ná, torí òtútù ìdájí àti àìmu omi tó lè dá ìrora àìsàn náà sílẹ̀.

Iná ìgbẹ́ àti ejò

Ìgbà yìí náà ni àwọn ọdẹ àti àgbẹ̀ ń sun ìgbẹ́. Iná máa ń yára sáré gun òkè ju bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lọ, torí ooru rẹ̀ ti ń gbẹ koríko tó wà lókè kó tó dé ibẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá rí èéfín nísàlẹ̀ kò gbọ́dọ̀ máa sá gun òkè nínú koríko. Orí àpáta gbalasa tí koríko ò sí, tàbí ilẹ̀ tó ti jóná tẹ́lẹ̀, ni kó forí lé. Ẹni tó gun òkè kò sì gbọ́dọ̀ ju sìgá tàbí ìṣáná sílẹ̀.

Ní òwúrọ̀ tó tutù, ejò máa ń jáde wá yá oòrùn lórí àpáta. Bàtà kánfáàsì tó bo ọrùn ẹsẹ̀ sàn ju sálúbàtà lọ. Ọwọ́ kò sì gbọ́dọ̀ wọ ihò òkúta tí ojú ò tíì wò. Bí ejò bá bu èèyàn jẹ, kí wọ́n má ṣe gé ojú ibẹ̀, kí wọ́n má fẹnu fà á, kí wọ́n má sì fi okùn dì í pinpin. Kí ẹsẹ̀ náà dúró sójú kan, kí wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn kíá.

Ọ̀rọ̀ ààbò

Nígbà ogun ọ̀rúndún kọkàndínlógún, orí òkè ni ọ̀pọ̀ ará Ìgbómìnà sá lọ kí ọ̀tá má baà kó wọn lẹ́rú. Lónìí, inú igbó àti òkè kan náà ni àwọn ajínigbé ń fara pamọ́ sí. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, àwọn agbébọn ya wọ ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Eruku, ní ìjọba ìbílẹ̀ Èkìtì ní Kwara, wọ́n sì kó àwọn èèyàn lọ. Èyí kò ní kí ẹnikẹ́ni má gun òkè mọ́, ṣùgbọ́n ó ní bó ṣe yẹ kó lọ.

Kí wọ́n kọ́kọ́ lọ kí ọba tàbí baálẹ̀ ìlú tó ni òkè náà. Láàfin ni wọ́n á ti gbọ́ bóyá ọ̀nà dára, bóyá ojúbọ wà tí wọn ò gbọ́dọ̀ tẹ̀, ibẹ̀ náà ni wọ́n á sì ti fún wọn ní ọdẹ tàbí fijilanté tó mọ ọ̀nà. Àwọn tó fẹ́ lọ wo omi Òwù ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn, tó ń já bọ́ láti orí àpáta tó ga ju ọgọ́rùn-ún mítà lọ, gbọ́dọ̀ béèrè lọ́wọ́ ará ibẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Ìròyìn ọ̀sẹ̀ tó kọjá kò tó. Kí wọ́n sì mọ̀ pé omi rẹ̀ máa ń dín kù lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn.

Kí wọ́n má dín ní mẹ́rin. Bí ẹnì kan bá ṣèṣe, ẹnì kan á dúró tì í, méjì á lọ wá ìrànlọ́wọ́. Kí ẹnì kan nílé mọ òkè tí wọ́n lọ àti aago tí wọ́n á padà. Nǹkan bí aago mẹ́fà àbọ̀ ìrọ̀lẹ́ ni oòrùn ń wọ̀ lóṣù Kejìlá, eruku ọyẹ́ sì máa ń mú kí ilẹ̀ tètè ṣú. Aago méje àárọ̀ ni kí wọ́n bọ́ sọ́nà, kí ọ̀sán gangan bá wọn nísàlẹ̀. Bí eruku bá bo ojú ọ̀nà, tàbí tí omi bá kù ìdajì nígbà tí wọn ò tíì dé òkè, kí wọ́n ṣẹ́rí padà. Òkè ò ní ṣí kúrò níbẹ̀, ọyẹ́ mìíràn á sì tún fẹ́.