Bí A Ṣe Lè Wọn Ipa Òbí Nínú Ilé-Ìwé Ìjọba

Òfin Ẹ̀kọ́ Ìpìlẹ̀ fún Gbogbo Ọmọ, tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 2004, pín ojúṣe sí ọ̀nà méjì. Ó ní kí ìjọba pèsè ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ títí ọmọ yóò fi parí ọdún 6 ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ọdún 3 ní girama kékeré. Ó sì pàṣẹ fún òbí kí ó rí i pé ọmọ òun lọ, ó sì parí. Òbí tí ó bá tàpá sí i, ìkìlọ̀ ni ti àkọ́kọ́. Bí ó bá tún ṣe é, owó ìtanràn tàbí ẹ̀wọ̀n ni.

Òfin lè mú ọmọ dé ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé, ṣùgbọ́n kò lè bá wa yẹ ìwé rẹ̀ wò ní alẹ́. Bí a bá bi ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ léèrè ipa òbí, iye ìpàdé àti owó tí wọ́n dá ni wọ́n máa ń kà. Owó òrùlé, òrùlé ni ó ń tún ṣe. Kò sọ bóyá ọmọ tí ó jókòó lábẹ́ rẹ̀ mọ ìwé í kà. Àwọn àgbà sì ti kìlọ̀ pé ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.

Nítorí náà, kí ẹgbẹ́ bi àwọn òbí ní ìbéèrè mẹ́rin ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà: Ta ni olùkọ́ kíláàsì ọmọ yín? Ìgbà wo ni ẹ yẹ ìwé iṣẹ́ rẹ̀ wò kẹ́yìn? Ṣé ó lè ka ojú-ewé kan sókè fún yín? Ọjọ́ mélòó ni kò lọ ní sáà tó kọjá, kí ni ó sì fà á?

Kì í ṣe láti dójú ti ẹnikẹ́ni. Ìdáhùn ni yóò fi ibi tí ìrànlọ́wọ́ ti yẹ hàn. Bí bàbá kan bá ń yẹra fún olùkọ́ nítorí pé kò gbọ́ Haúsá, kí ẹni tí ó gbọ́ ọ bá a lọ. Ìyá tí kò mọ̀wé pàápàá lè ní kí ọmọ kàwé sí òun létí.

Ẹ má gbàgbé Ìgbìmọ̀ Alábòójútó Ilé-Ìwé. Ó gbòòrò ju Ẹgbẹ́ Òbí àti Olùkọ́ lọ: aṣojú ọba, àwọn obìnrin, oníṣẹ́ ọwọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ wà níbẹ̀. Níbẹ̀ ni a ti ń ṣètò ìdàgbàsókè ilé-ìwé, tí a sì ń ṣọ́ bí olùkọ́ ṣe ń wá síṣẹ́ àti bí a ṣe ń náwó. Ìlú tí ọmọ wa ti ń kàwé, a kì í ṣe àlejò níbẹ̀; kí ẹgbẹ́ béèrè ààyè tirẹ̀.

Ní òpin sáà, ẹ tún bi ìbéèrè mẹ́rin náà, kí ẹ sì fi ìdáhùn wé ti ìṣáájú.