Ta Ni A Óò Fi Ọmọ Tí Kò Tètè Sọ̀rọ̀ Lé Lọ́wọ́?

Ní Kábà, níbi tí wọ́n ti bí mi, bí ọmọ bá pé ọdún mẹ́ta tí kò sọ̀rọ̀, àwọn àgbà a ní kí á ṣe sùúrù. Sùúrù dára, ṣùgbọ́n ó ní ibi tí ó mọ.

Nígbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi pé ọdún mẹ́rin, a mú un lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́ ìtọ́jú kan. Ó ń fi àwòrán hàn án, ó ń bi í léèrè ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ kàn ń wò ó. Oníṣẹ́ náà kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò mọ nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀, bí ìyá àgbà bá fi ẹ̀ka-èdè Owé ní kí ó gbé ife wá nílé, kíá ni yóò gbé e dé. Èdè tí wọ́n fi dán an wò ni kì í ṣe tirẹ̀.

Abèèrè kì í ṣìnà. Ìbéèrè márùn-ún ni mo rò pé ó yẹ kí òbí kọ́kọ́ béèrè.

Èkíní, ǹjẹ́ wọ́n ti yẹ etí ọmọ wò? Ẹni tí kò gbọ́ ohùn dáadáa kò lè kọ́ ohùn. Irú àyẹ̀wò yìí wà ní ilé ìwòsàn ńlá bí UCH ní Ìbàdàn.

Èkejì, ǹjẹ́ oníṣẹ́ náà ní ìwé àṣẹ? Òfin ọdún 1988 ni ó dá ìgbìmọ̀ tí ń forúkọ wọn sílẹ̀ ní Nàìjíríà.

Ẹ̀kẹta, èdè wo ni yóò bá ọmọ sọ? Bí kò bá gbọ́ Owé, ǹjẹ́ yóò jẹ́ kí ìyá ọmọ ṣe ògbufọ̀? Ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ kì í ṣe ọ̀kan náà létí wa. Àyẹ̀wò Gẹ̀ẹ́sì kò lè fi ìyẹn hàn.

Ẹ̀kẹrin, ǹjẹ́ yóò kọ́ àwọn ará ilé ní ohun tí wọn yóò máa ṣe? Wákàtí kan lọ́sẹ̀ kò tó. Ilé ni ọmọ ń gbé.

Ẹ̀karùn-ún, kí ni ó ṣèlérí? Ẹni tí ó bá ní òun yóò wo ọ́tísìmù sàn láàárín oṣù kan, ẹ sá fún un. Ìrànlọ́wọ́ díẹ̀díẹ̀ ni ó ń so èso.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, iṣẹ́ wa wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ta ni yóò ṣe àkójọ ọ̀rọ̀ tí ọmọdé kọ́kọ́ ń sọ ní Owé, Ìyàgbà, Ìjùmú àti Bùnú, kí oníṣẹ́ ìtọ́jú lè rí i lò, bí kì í bá ṣe àwa tí a ń kọ́ èdè Yorùbá?