Ẹni Tó Da Omi Síwájú: Ọ̀rọ̀ Lórí Tọ́bò àti Íntákúlà

Láti ìgbà tí ọkọ̀ tókunbọ̀ tó ní tọ́bò ti ń pọ̀ sí i ní òpópónà wa, ìbéèrè kan wà tí kì í pẹ́ jáde lẹ́nu àwọn olùfẹ́ ọkọ̀ bí wọ́n bá ti kóra jọ sábẹ́ igi ní ọgbà mẹkáníìkì, ìyẹn ni pé bí ọkọ̀ ẹni bá ní tọ́bò ṣùgbọ́n tí kò ní íntákúlà, ǹjẹ́ ó yẹ kí a ra ọ̀kan fi kún un? Àwọn kan a ní fífò ni ọkọ̀ náà yóò máa fò. Àwọn mìíràn a ní ìnákúnàá gbáà ni. Èmi gbà pé òtítọ́ wà lẹ́nu ìhà méjèèjì, àti pé bí tọ́bò náà ti ń ti afẹ́fẹ́ tó, àti irú iṣẹ́ tí a ń fi ọkọ̀ náà ṣe, ni adájọ́ tó lè là wọ́n níjà.

Kò sí ẹ́ńjìnì tó lè sun epo láìsí afẹ́fẹ́. Bí a bá wọn epo bẹntiróòlù kílò kan, afẹ́fẹ́ tí yóò bá a jóná tán fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò 15, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ kí ẹ́ńjìnì kékeré ṣe iṣẹ́ ẹ́ńjìnì ńlá, afẹ́fẹ́ ni yóò kọ́kọ́ wá fún un. Ohun tí Alfred Büchi, ọmọ ilẹ̀ Switzerland, ro àròjinlẹ̀ lé lórí nìyí kí ó tó gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ ọpọlọ rẹ̀ ní ọdún 1905. Ó rí i pé èéfín gbígbóná tí ẹ́ńjìnì ń tú dànù ń gbé agbára púpọ̀ lọ lófo, ó sì gbèrò pé kí èéfín náà kọ́kọ́ yí abẹ̀bẹ̀ kan kí ó tó jáde, kí agbára abẹ̀bẹ̀ yìí sì máa fa afẹ́fẹ́ láti ìta, kí ó máa tì í wọ inú ẹ́ńjìnì tipátipá; ohun tí à ń pè ní tọ́bò nìyẹn. Inú ìkòkò dúdú ni ẹ̀kọ funfun ti í jáde: láti inú èéfín tí gbogbo ayé kà sí ìdọ̀tí ni àwọn ọmọ Ògún Lákáayé ti rí agbára fà yọ. Abẹ̀bẹ̀ tọ́bò òde òní a máa yí ju ìgbà 100,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan.

Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè fún afẹ́fẹ́ pọ̀ kí ó má gbóná. Ẹ súnmọ́ ẹ̀rọ tí fọganáísà fi ń fẹ́ táyà lẹ́bàá títì, kí ẹ wo páìpù irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ti orí ẹ̀rọ náà wọ inú àgbá rẹ̀: bí ẹ̀rọ bá ti ṣiṣẹ́ díẹ̀, ẹni tó bá fọwọ́ kan páìpù náà á yára fa ọwọ́ rẹ̀ padà. Ẹnikẹ́ni kò dáná sábẹ́ rẹ̀; afẹ́fẹ́ tí a fún pọ̀ ló mú ooru náà wá. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló ń rí nínú tọ́bò. Ká ní ọ̀sán Èkó ni, tí afẹ́fẹ́ ìta jẹ́ 30°C, tí tọ́bò sì ń fi ìtẹ̀ báà 0.7 lé ti afẹ́fẹ́ ìta, afẹ́fẹ́ tó ń jáde lẹ́nu tọ́bò yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 100°C, ooru omi tó ń hó. Bẹ́ẹ̀ sì ni afẹ́fẹ́ gbígbóná a máa fẹ̀, a sì máa fúyẹ́. Díẹ̀ lára rẹ̀ ló máa ń kún ibi tí púpọ̀ ì bá wọ̀. Awakọ̀ tó bá ti jí kùtùkùtù hàì wakọ̀ nígbà ọyẹ́ mọ èyí láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́ ọ, nítorí ó mọ̀ pé ọkọ̀ a máa fà nígbà náà ju bó ti ń fà lọ́sàn-án gangan.

Nítorí ooru yìí ni wọ́n ṣe ṣe íntákúlà. Ó fara jọ rédíétọ̀, àfi pé afẹ́fẹ́ ló ń gba inú rẹ̀ kọjá dípò omi. Wọ́n lè gbé e sí iwájú ọkọ̀ lẹ́yìn bọ́ńpà, wọ́n sì lè gbé e lé orí ẹ́ńjìnì lábẹ́ ihò tí wọ́n dá sí bọ́nẹ́ẹ̀tì, bí ti Subaru Impreza WRX. Ẹni tó da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Afẹ́fẹ́ tó wọ inú íntákúlà dáadáa ní 100°C lè jáde ní bíi 50°C, bí a bá sì ṣírò rẹ̀, afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnì ń rí gbà lè fi nǹkan bí ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kí a tó yọ ìwọ̀nba ìtẹ̀ tó máa ń ṣòfò nínú àwọn ihò tóóró íntákúlà fúnra rẹ̀.

Lójú tèmi, àǹfààní kejì ju èyí lọ, nítorí ẹ̀mí ẹ́ńjìnì ni ó ń dáàbò bò. Bí afẹ́fẹ́ tó wọ ẹ́ńjìnì bẹntiróòlù bá gbóná jù, epo lè gbiná fúnra rẹ̀ láìtó àkókò, ìbúgbàù náà a sì máa gbá písítìn lórí títí yóò fi fọ́. Àwọn ará Amẹ́ríkà ti bá ìṣòro yìí wọ̀yá ìjà. Ní ọdún 1962, ilé iṣẹ́ Oldsmobile gbé Jetfire jáde, ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ oní-tọ́bò àkọ́kọ́ tí ará ìlú lè rà. Kò ní íntákúlà. Àgbá kékeré kan ni wọ́n fi sí i, tí ń tú omi tí a pò mọ́ ọtí mẹ́tánọ́ọ̀lù sínú afẹ́fẹ́ náà kí ó lè tutù. Ọgbọ́n gidi ni, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọlọ́kọ̀ a máa gbàgbé láti bu omi náà kún, bó bá sì ti tán, ọkọ̀ á dín agbára tọ́bò kù, yóò wá máa wọ́ nílẹ̀. Nígbà tí ọdún 1963 parí, wọn kò ṣe Jetfire mọ́.

Ọ̀nà mìíràn ni àwọn ará Jámánì tọ̀. Porsche 911 Turbo àkọ́kọ́, ti ọdún 1975, ní ẹ́ńjìnì lítà 3, kò ní íntákúlà, agbára rẹ̀ sì jẹ́ ti ẹṣin 260. Nígbà tó di ọdún 1978, wọ́n sọ ẹ́ńjìnì náà di lítà 3.3, wọ́n fi íntákúlà sábẹ́ ìyẹ́ ńlá ẹ̀yìn ọkọ̀, níbi tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ wà, agbára sì di ti ẹṣin 300. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tìtorí èyí sọ pé íntákúlà nìkan ló mú ẹṣin 40 wá, nítorí ẹ́ńjìnì náà ti fi ìdá kan nínú mẹ́wàá tóbi sí i, ìyẹn nìkan sì tó láti mú bí ẹṣin 26 wá. Nínú ìyókù ni ọwọ́ afẹ́fẹ́ tútù wà, òun náà ló sì jẹ́ kí wọ́n lè gbé ìwọ̀n ìfúnpọ̀ inú sìlíńdà kúrò ní 6.5 sí 7 láìfòyà.

Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Bí tọ́bò bá jẹ́ èyí tí kò ń tì ju báà 0.3 tàbí 0.4 lọ, ooru tó ń mú wá kò pọ̀, èrè íntákúlà yóò sì kéré; bí a bá wá fi èyí tí kò yẹ ọkọ̀ náà sí i, tí páìpù rẹ̀ gùn kọjá ààlà, ìtẹ̀ á ṣòfò, ọkọ̀ á sì máa lọ́ra kí ó tó dá awakọ̀ lóhùn. Èyí tó bo ojú rédíétọ̀ tún lè mú kí ẹ́ńjìnì gbóná nínú sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ. Ẹ̀rọ dísẹ́ẹ̀lì àtijọ́ tún ní tirẹ̀: bí afẹ́fẹ́ bá pọ̀ sí i ṣùgbọ́n tí ẹnikẹ́ni kò tún epo rẹ̀ tò, èéfín dúdú yóò dín kù, ooru sáláńsà yóò rọlẹ̀, ṣùgbọ́n agbára kò ní fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ní ti ọkọ̀ bẹntiróòlù àtijọ́ tí kò ní kọ̀ǹpútà tó lè fi epo kún afẹ́fẹ́ tuntun náà, ewu gidi ló wà níbẹ̀, nítorí epo tó kéré sí afẹ́fẹ́ a máa sun písítìn. Òkèèrè ni a ti í wo igi gánganran kí ó má baà gún ni lójú.

Nítorí náà, ẹni tí tọ́bò rẹ̀ ń tì gidigidi, tó ń gbẹ́rù gun òkè tàbí tó ń sáré ọ̀nà jíjìn nínú oòrùn wa yìí, kí ó ra á, kí ó sì wá ẹni tó mọ epo tò. Ẹni tí ń gbé ọmọ lọ sí ilé ìwé àti ara rẹ̀ lọ sí ibi iṣẹ́, kí ó jẹ́ kí owó rẹ̀ sinmi.

Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí à ń rà lónìí ló sì ti ní íntákúlà látilẹ̀wá, tí ẹnikẹ́ni kò bojú wò ó rí. Tírélà tó ń gun òkè tó ń tú èéfín dúdú kìjikìji lè má ní àrùn kankan ju họ́ọ̀sì íntákúlà tó ya tàbí kílíìpù tó dẹ̀ lọ. Ẹ ní kí mẹkáníìkì fọ eruku àti kòkòrò tó dí ojú rẹ̀, kí ó tú họ́ọ̀sì ìsàlẹ̀, kí ó sì ti ìka bọ inú rẹ̀. Bí ọ̀rinrin epo ẹ́ńjìnì díẹ̀ bá bá ìka jáde, kò sí ewu. Ṣùgbọ́n bí epo bá ṣàn jáde bí wọ́n ti ń tú u, tọ́bò fúnra rẹ̀ ni kí wọ́n yẹ̀ wò kí ẹ tó ra ohunkóhun.