Ìràwọ̀ kékeré tó ń da iṣẹ́ kọ̀ǹpútà rú

Bí Ojúde Ọba bá dé n'Ìjẹ̀bú-Òde, lọ́jọ́ kẹta ọdún Iléyá, regbérégbé kọ̀ọ̀kan ló ń jáde lórúkọ tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó rí fáwọn tó ń fi èdè Python kọ iṣẹ́ fún kọ̀ǹpútà. Wọ́n máa ń yá iṣẹ́ táwọn ẹlòmíràn ti ṣe sílẹ̀. "Import" ni wọ́n fi ń pè é wọlé.

Ẹni tó bá kọ "from os import *", gbogbo orúkọ tí "os" ní fún ìlò ló rọ́ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. "Open" wà lára wọn, yóò sì gba ipò "open" tí Python fi ń ṣí fáìlì. Fáìlì tó ń ṣí wẹ́rẹ́ tẹ́lẹ̀ yóò wá kọ̀, oníṣẹ́ yóò sì máa wá ẹ̀bi síbi tí kò sí.

PEP 8, ìlànà ìkọ̀wé Python tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2001, kìlọ̀ fún ìràwọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n ta ló ń rántí ìkìlọ̀ nígbà tí iṣẹ́ bá ń jó o lẹ́sẹ̀? Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lo linter, aṣàyẹ̀wò kóòdù. Òfin tí èèyàn yóò fi kún un kò gùn: kó wo ìlà "import" nìkan, nítorí ìràwọ̀ kan náà ni wọ́n fi ń ṣe ìsọdipúpọ̀ nínú ìṣirò, níbi tó bá ti rí i, kó dárúkọ fáìlì àti nọ́ńbà ìlà náà, kó sì ní kí wọ́n kọ "import os" dípò rẹ̀.