Ṣé o mọ̀? Ilé tí ọmọlanke méjì lè kó tán

Ní ilẹ̀ Japan, akéwì kan tó tún jẹ́ olórin, Kamo no Chōmei, kọ́ ilé kan tí ọmọlanke méjì péré lè kó lọ síbòmíràn. Ojú rẹ̀ ti rí nǹkan ní Kyoto: iná jó ìlú náà ní 1177, ìjì jà, ìyàn mú, ilẹ̀ sì mì tìtì ní 1185. Nígbà tó tó bí ẹni àádọ́ta ọdún, ó di ajẹ́jẹ̀ẹ́ anìkàndágbé ẹlẹ́sìn Búdà, ó sì gba orí òkè lọ nígbẹ̀yìn.

Yàrá kan ṣoṣo ni ilé náà, ahéré rẹ̀ ní Hino lórí òkè, nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 10 ní ìbú àti òòró. Irin ló fi so oríkèé igi rẹ̀ pọ̀, kó lè tú u bí ibẹ̀ bá sú u. Àwòrán Búdà wà níbẹ̀, àpótí awọ dúdú mẹ́ta, àti dùrù méjì. (Ó kọ ayé, kò kọ orin!) Ọmọ ẹni tó ń ṣọ́ òkè náà, ọmọ ọdún mẹ́wàá, ni wọ́n jọ ń rìn kiri, òun tó ti di ẹni ọgọ́ta ọdún.

Ní 1212, ó kọ ìwé Hōjōki nípa ahéré yìí, ó sì jẹ́wọ́ níbẹ̀ pé ìfẹ́ tí òun ní sí ahéré náà pàápàá lè jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀.