Aṣálẹ̀ Fẹ̀, Ṣùgbọ́n Ojú Ipa Ni Kí Alùpùpù Gbà

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2013, àwọn ọlọ́pàá Làìbéríà lé àwọn ọlọ́kadà, tí wọ́n ń pè ní pehn-pehn níbẹ̀, kúrò lójú àwọn títì ńláńlá Monrovia. Ààbò ẹ̀mí àti oúnjẹ òòjọ́ ni ọ̀rọ̀ náà dá lé. Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ kò sí nínú ẹjọ́. Títì ọlọ́dà ni Carey Street ní Monrovia: bí ọgọ́rùn-ún ọ̀kadà bá kọjá níbẹ̀ lónìí, bó ṣe wà náà ni yóò wà lọ́la. Ní Sàhárà, alùpùpù kan ṣoṣo tó yà kúrò lójú ipa lè dá àpá tí ọmọ ẹni tó gùn ún yóò dàgbà bá síbẹ̀. Eré ìje ọkọ̀ àti alùpùpù Paris–Dakar, tó bẹ̀rẹ̀ ní ìparí 1978, ti fi Áfíríkà sílẹ̀ látìgbà tí wọ́n fagi lé ti 2008. Ṣùgbọ́n eré ìje mìíràn, Africa Eco Race, ṣì ń gba Moritáníà lọ sí Dakar, àwọn tó ń gun alùpùpù fún fàájì náà kò sì dáwọ́ dúró.

Ojú ilẹ̀ aṣálẹ̀ kì í ṣe iyanrìn lásán. Pẹ̀tẹ́lẹ̀ òkúta wẹ́wẹ́ ni ọ̀pọ̀ rẹ̀, tí afẹ́fẹ́ ti gbá erùpẹ̀ orí rẹ̀ lọ láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún. Níbòmíràn, àwọn ohun ẹlẹ́mìí tí ojú lásán kò lè rí ló so erùpẹ̀ pọ̀, bí awọ tó ń bo ojú ògì tó ti tutù. Awọ yìí ni kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gbé ilẹ̀ lọ, òun ló sì ń fi náítírójìn bọ́ koríko. Bí táyà bá ya á, ó lè gba ọ̀pọ̀ ẹ̀wádún kó tó san. Ní aṣálẹ̀ California, ipa àwọn ọkọ̀ ogun tí ọ̀gágun Patton fi dá ọmọ ogun Amẹ́ríkà lẹ́kọ̀ọ́ ní 1942 ṣì hàn lónìí.

Àwọn kan á ní afẹ́fẹ́ yóò pa ipa rẹ́. Òótọ́ ni, lórí òkìtì iyanrìn tó ń ṣí kiri, n kò sì rí ohun tó burú nínú gígùn lórí rẹ̀ bí koríko kò bá sí níbẹ̀. Lórí pẹ̀tẹ́lẹ̀, afẹ́fẹ́ kan náà ló ń wa ipa jìn. Wọ́n á tún ní alùpùpù fúyẹ́. Ó fúyẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n táyà tóóró méjì ló ru gbogbo ìwúwo rẹ̀, bí ẹni tó gùn ún bá sì tẹ iná mọ́ ọn lójijì, táyà ẹ̀yìn á yí lójú kan, á máa wa ilẹ̀ bí ọkọ́.

Àtakò tó lágbára jù ni pé aṣálẹ̀ fẹ̀ débi pé àpá díẹ̀ kò já mọ́ nǹkan. Ẹ wo igi Ténéré ní orílẹ̀-èdè Niger. Kò sí igi mìíràn ní ohun tó lé ní kìlómítà 200 yí i ká, síbẹ̀ awakọ̀ akẹ́rù kan forí ọkọ̀ gbá a lulẹ̀ ní 1973. Òkú igi náà wà ní mùsíọ́ọ̀mù Niamey. Ẹ̀bá kànga ni igi náà wà tẹ́lẹ̀, lójú ọ̀nà àwọn oníràkúnmí. Ibi ìwọ̀nba tí omi àti ìbòòji wà ni ọkọ̀, ènìyàn àti ẹranko jọ ń forí lé, nítorí náà fífẹ̀ aṣálẹ̀ kò gba ohunkóhun là. Nígbà tí wọ́n wá ẹranko aṣálẹ̀ tó ń jẹ́ addax kiri ní Niger ní 2016, mẹ́ta péré ni wọ́n rí. Èyí tí alùpùpù bá ń lé nínú oòrùn lè sáré títí tí ooru yóò fi pa á.

Òótọ́ ni pé ọkọ̀ ológun àti akẹ́rù ń ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n àìgbọdọ̀máṣe ló gbé àwọn yẹn débẹ̀. Ẹni tó wá ṣe fàájì lè yàn. Kó tọ ipa tó ti wà nílẹ̀, kí ẹni ẹ̀yìn tẹ ibi tí ẹni iwájú tẹ̀. Bí òjò bá rọ̀, kó dúró títí ilẹ̀ yóò fi le. Kó pa ẹ́ńjìnnì ní òkèèrè sí kànga, kó sì fẹsẹ̀ rìn débẹ̀, kí ẹran àwọn darandaran lè mu omi tiwọn.